Kóró Kajú Méjì Nínú Ihò Kan

"Ta ló wà níbẹ̀?" Baálẹ̀ ló bi wá bẹ́ẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Tápà, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Bàbá Oníwàásù di ẹjọ́. "Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ ní bàbá yín kò fún un láṣẹ kó gbin igi. Òun ní wọ́n fún òun láṣẹ. Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un, bó bá jẹ́ pé wọ́n fún un lóòótọ́, ta ló wà níbẹ̀?" A tó ogún tí a jókòó. Ewúrẹ́ kan ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìró eyín rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi Mùíz, ọmọ ọmọ Búrẹ́mọ̀, ni mo wà níbẹ̀, mo sì jókòó tí mò ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ kà wọ́n bóyá wọ́n ṣì pé. Òní ni n ó sọ ọ́. Àwọn ará ilé mi ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n panu mọ́, pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé, inú ìdílé ló ń kú sí. Èyí kò níí kú sínú mi. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó wá àga tó dáa jókòó lé, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Bàbá Oníwàásù jẹ́, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní "Ègùn yẹn" kò mọ̀ ju ẹ̀yà rẹ̀ lọ. Jónà Dosù ni orúkọ rẹ̀, ará Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó ti dé oko wa lójú ọ̀nà Ayétẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, pẹ̀lú ọkọ́ kan àti ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ó ní òun wá ṣe lébìrà ọdún kan péré. Ọdún kan náà ti di mẹ́rìndínlógójì. Lọ́jọ́ tó dé, bàbá bàbá mi bi í pé kí ni Dosù túmọ̀ sí. Ó ní lédè àwọn, ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì ni. Bàbá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ìdòwú nìyẹn! Nílẹ̀ Ìbàràpá níbí, tí a ti ń bí ìbejì bí ẹni ń ká ilá, ta ló tó lé Ìdòwú?" Ó fún un nílẹ̀ tí yóò fi dá oko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀yìn Dosù kì í nà tán nínú poro. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wẹ̀, á wọ aṣọ funfun, á lu ríìmù ọkọ̀ tó so mọ́ ẹ̀ka igi, àwọn Ègùn àti Yorùbá tó ń dáko káàkiri agbègbè náà á sì wá gbọ́ ìwàásù lábẹ́ àtíbàbà. Àlùfáà tí wọ́n fi joyè wà ní Igbó-Ọrà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ló ń yọjú. Gbogbo ọjọ́ yòókù, ọrùn Dosù ló wà: ìwàásù, ìsìnkú, tọkọtaya tó jà. Ìwàásù rẹ̀ kì í pẹ́. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ti ro oko ní ọjọ́ mẹ́fà, oorun ló máa gbọ́ tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú ogún.

Búrẹ́mọ̀ bàbá àgbà, alfa ni. Òun ló ń gbẹ́ wàláà fún àwọn ọmọ kéwú ní gbogbo Tápà, pátákó tó ní ọwọ́ lókè, tí a fi ń kọ́ Kùránì ní kékeré. Mùsùlùmí paraku ni, síbẹ̀ kò sí ọ̀rẹ́ tó ní tó tó Dosù. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí ebè, wọ́n á máa jiyàn nípa Ànábì Ìsà títí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń sun á fi jóná. Lọ́jọ́ tí bàbá àgbà kú, Dosù wà lára àwọn tó bu erùpẹ̀, ó sì dúró síta mọ́sáláṣí títí wọ́n fi kírun sí òkú tán, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ìdílé wa, àlejò lè gbin ohun tí ọdún kan tàbí méjì yóò kó tán. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ti gbin ẹsẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gbìn síbẹ̀. Bí onílẹ̀ bá wá fẹ́ kí àlejò gbin igi, ọmọ onílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju kóró àkọ́kọ́ sí ihò. Igi yẹn kì í bá àwọn yòókù tò. Òun nìkan ló ń dá dúró lójú oko, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Igi àṣẹ là ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá àgbà gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí a lọ sí oko Dosù. Àwa mẹ́ta péré ni. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n fi kóró kajú sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n jù ú. Mo ju méjì. Dosù bú sẹ́rìn-ín. "Alfa, ọmọ yín ju ìbejì!" Bàbá àgbà ní, "Fi í sílẹ̀. Ìdòwú ní láti ní Táyé àti Kẹ́yìndé níwájú." Bí a ṣe ń padà, ó ní, "Mùíz, ìwọ ni ẹlẹ́rìí. Bí àwọn ará ilé bá gbọ́ ọ nísinsìnyí, ìjà ni. Ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ojú Dosù yóò ti máa bọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni n ó kọ ọ́ sí." Mo ní, "Níbo?" Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo fẹ́ràn àlọ́. Já a." Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ló kú. Mo wọ yunifásítì, mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, kò sí àdììtú tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn tí n kò lè tú, ṣùgbọ́n àlọ́ bàbá àgbà wà níbẹ̀ bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun.

Igi àṣẹ náà hù, ó pín sí méjì láti ìsàlẹ̀, àwọn igi yòókù sì tẹ̀lé e, wọ́n di igbó kajú. Ọdún mẹ́rìnlá là ń jẹ èso wọn. Dosù á di àpò kan, á rù ú wá sí Tápà, á ní "ti onílẹ̀ nìyí." Ẹ jẹ ẹ́. Gbogbo yín tí ẹ jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, omi kajú yẹn ti ba aṣọ yín jẹ́ rí, kò sí ẹnì kan nínú yín tó bèèrè pé ta ló fún un láṣẹ. Ìgbà tí ọ̀gá kan láti Èkó fẹ́ ra ilẹ̀ náà fún ọgbà adìẹ, tó ní òun kò ra ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ní igi lórí rẹ̀, ìgbà yẹn ni ojú yín là.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Mùstàfá, tí a ń pè ní Bàbá Làtíífàt, pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Mùíz, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ Kánádà fi ránṣẹ́ sí ọ, kí lo máa fi lọ? Ẹnu?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ yẹn ló máa gbé ọ lọ. Ìwọ ni bàbá wa máa ń gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó o rántí pé o kò rántí nǹkan kan." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹta rèé tí mo ti kúrò ní yunifásítì, ọmọ aládùúgbò ni mò ń kọ́ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, ìyá wọn á sì fi gàárì san án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má mi orí sí mi. Ta ló wà nínú yín tí kò fẹ́ lọ? Èmi náà fẹ́ lọ. Mo fẹ́ lọ di àlejò nílẹ̀ onílẹ̀, kí wọ́n gbà mí, kí wọ́n fún mi níṣẹ́, kí n bímọ síbẹ̀. Ọ̀nà tí mo rí gbà ni pé kí n lé àlejò tiwa kúrò. Mo mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n n kò ṣe ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dosù dìde. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò fọwọ́ ti orúnkún. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ wà níbí. Mi ò níí dárúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ pè é." Ojú Baálẹ̀ tẹ̀lé ojú rẹ̀, ó bọ́ sára mi. "Mùíz?" Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, kí ọ̀rọ̀ lè parí. Mo ṣe àlùwàlá. Omi ṣì ń kán ní ìgúnpá mi nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé ìwé náà tí mo sì búra pé n kò rí i rí kí bàbá àgbà fún Dosù láṣẹ. Ẹnikẹ́ni kò fi ìbọn sí mi lórí. Dosù wò mí, kò bú mi. Ó ní, "Baálẹ̀, ó dáa. Ẹ wá sí oko. Igi àṣẹ wà lójú ọ̀nà, òun nìkan ló dá dúró. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ̀ pé àlejò kì í gbin ìyẹn fún ara rẹ̀." Baálẹ̀ mi orí. "Òótọ́ ni. Bó bá wà níbẹ̀, mo máa mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, a ó lọ wò ó."

Ọjọ́ Ẹtì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tilẹ̀ ní kí n ṣe ohun tí mo ṣe. Ó kàn ní, "Háà. Ọjọ́ Ajé." Èmi ni mo rò ó, èmi tí mo fẹ́ràn láti máa tú àdììtú. Mo ṣírò ìgbà tí ojú Dosù kò níí sí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tó bá wà lórí pèpéle. Mo háyà ọkùnrin kan láti Ayétẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnì ìgégi, a gun ọ̀kadà kan, àwa méjì, ẹ́ńjìnì náà láàárín wa. Oòrùn ti gòkè. Ilé ìjọsìn wọn, tó ti di ilé alámọ̀ onípáànù láti ọdún tí a gbin igi náà, kò ju igba ẹsẹ̀ bàtà lọ síbẹ̀. Wọ́n ń kọrin. Ọkùnrin náà wo igi náà, ó ní, "Ọ̀gá, èyí ṣì ń so o. Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní kó tan ẹ́ńjìnì rẹ̀. Nígbà tí eyín irin náà wọ ẹ̀ka Táyé, orin dúró. Nígbà tó kan Kẹ́yìndé, wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà. Dosù bọ́ síwájú wọn nínú aṣọ funfun rẹ̀. Mo ń retí kó sáré wá. Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ kó sáré wá, kó lu mí, kí n lè rí ohun bínú sí. Kò wá. Ó wo igi, ó wò mí, ó yíjú padà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé: "Ẹ padà síbi ìjókòó yín. Ẹ wo nọ́ńbà orin lára pátákó." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn. Lórí orin náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í hú gbòǹgbò, ó di ìrọ̀lẹ́ kí a tó hú u tán, tí a sun ún, tí mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ilẹ̀ tí mo ju kóró sí nígbà tí n kò tíì mọ irọ́ pa.

Lọ́jọ́ Ajé, Baálẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú náà pẹ́ títí. Àwọn ọmọ ìjọ ní àwọn rí wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Igi ìdáná la gé. Lórí ilẹ̀ wa ni. Ta ló ní igi àṣẹ ni?" Baálẹ̀ ní òun kò lè gba ẹ̀rí ọmọ ìjọ fún oníwàásù wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè fi erùpẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ó fún Dosù ní oṣù kan kó hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kó sì máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Dosù wá sílé wa. Ó gbé kajú sísun dání, ó wé e sínú ìwé ìròyìn. "Mo gbọ́ pé ò ń lọ sókè òkun. Ebi máa ń pani lójú ọ̀nà." N kò lè gbà á, n kò lè kọ̀ ọ́. Ó gbé e lé orí ògiri. Ó ní, "Èmi náà ti rin ìrìn yẹn rí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún ọ. Tí o bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, má gbára lé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Èmi ní ẹyọ kan." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, bí ẹni tí nǹkan pa lẹ́rìn-ín. "Ó dàgbà." Ó lọ. Mo gbìyànjú láti jẹ ọ̀kan nínú kajú náà. Mo tu ú dànù.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Baálẹ̀, mo ní irọ́ ni mo pa. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kiriyó ọ̀sán gangan! Kí ni Ègùn yẹn fún ọ jẹ? Kajú sísun ni àbí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mùíz, ẹnu méjì lo ní báyìí. Èwo ni kí n gbọ́, èyí tí o fi Kùránì sọ, àbí èyí tí o fi ahọ́n lásán sọ? Ẹni tó bá búra èké, kò tún lè fi ẹnu yẹn kan náà tú u. Mú ìwé wá. Tàbí kí o mú ẹlẹ́rìí mìíràn wá." Ohun tí irọ́ ń ṣe fún ọ̀dọ́ nìyẹn, ẹ tẹ́tí sí mi: lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ sọ òótọ́, kò ní í sí ẹni tó máa yá ọ létí. Mo rántí àlọ́ bàbá àgbà. Mo tú àpótí rẹ̀, mo ṣí gbogbo Kùránì rẹ̀ ní ewé kọ̀ọ̀kan, mo gbé ẹní, mo wo àjà. Ìwé ni mò ń wá. Ọ̀mọ̀wé ni mí, ohun tí wọ́n bá ní wọ́n kọ sílẹ̀, ìwé ni mo mọ̀ ọ́n sí. Bàbá Làtíífàt ti lé mi kúrò nílé nígbà yẹn. Ọ̀nà Kánádà ti dí. N kò sì tọrọ ìkankan nínú méjèèjì padà.

Ó wá ku ọjọ́ Ìsinmi ìkẹyìn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò wọ ibẹ̀ rí. Ní kékeré, ìta là ń dúró sí tí a bá lọ jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Ọmọ Dosù, Olúwayẹ́misí, tó jẹ́ tíṣà ní Ayétẹ̀, ló wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mùíz! Níbo lo gbé ẹ́ńjìnì sí? Ó ku ríìmù tí a ń lù o, àbí ìyẹn lo wá gé?" Mo ní mo wá sọ̀rọ̀ ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó yẹ̀ kúrò lọ́nà. Mo dúró ní iwájú wọn, mo sọ ohun tí mo ti sọ fún yín yìí: kóró méjì, Kùránì, ẹ́ńjìnì. Mo ní, "Mi ò wá tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ fún mi o, ẹ má fún mi o. Mo wá sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má lè sọ fún àwọn ọmọ yín pé olè ni oníwàásù wọn." Ìyá àgbà kan ní "Jésù!" Dosù ní, "Ṣé o ti parí? Jókòó. A ò tíì kọrin. Igba ó lé mẹ́rìnlá, ó wà lára pátákó."

Mo gbójú sókè wo pátákó náà. Ó so kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, níbi tí gbogbo ojú ń lọ, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà orin sára rẹ̀. Pátákó náà ní ọwọ́ lókè. Ọwọ́ wàláà ni, iṣẹ́ bàbá àgbà ni. Lábẹ́ nọ́ńbà náà, irin gbígbóná ti kọ ilà wínníwínní sára igi, ọdún méjìdínlógún ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì sì ti kún inú wọn funfun. Mo bi Dosù, "Bàbá, kí ni ọnà ara rẹ̀ yẹn?" Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tí a gbin igi ni Alfa gbé e fún wa. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fá a. Mo rò pé àdúrà ni. Àwọn kan ní ká fi ráńdà káfíńtà rẹ́ ẹ nítorí ti mùsùlùmí ni, mo ní mi ò níí rẹ́ àdúrà ẹni tó fún mi nílẹ̀." Mo dìde, mo fi apá aṣọ mi nu igba ó lé mẹ́rìnlá kúrò. Lẹ́tà kéwú ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ni bàbá àgbà fi wọ́n kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, mo kà á sókè fún gbogbo wọn:

"Èmi Búrẹ́mọ̀ ni mo fún Dosù láṣẹ kó gbin igi sí ilẹ̀ mi lójú ọ̀nà Ayétẹ̀. Kí ọmọ mi kankan má lé e. Ẹlẹ́rìí ni Mùíz. Òun ló ju kóró àkọ́kọ́. Méjì ló jù."